Wáyà Eyín, Ọ̀rá Ara àti Èjí

[Ariwo ọjà Ìkòtún. Dánfó ń fun fèrè. Ohùn á lọ sílẹ̀.]

Bẹ́ ẹ bá wọ dánfó láti Ìkòtún lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá lásìkò tí àwọn ọmọ iléèwé ń darí relé, ẹ lè rí wáyà lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ bi í pé kí ló ń to eyín ẹ̀, á ní wáyà ni.

Wáyà kọ́ o! Wáyà kàn ń ti eyín ni, ara ọmọ náà ló ń ṣiṣẹ́. Níwájú eyín, ara á máa jẹ eegun kí ọ̀nà lè là. Lẹ́yìn ẹ̀, á máa fi eegun tuntun dí àlàfo. Ìdí nìyẹn tí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ fi kan eyín.

Ọ̀rá ara kì í jókòó lásán. Ó ń tú hòmóònù kan tó ń jẹ́ leptin sínú ẹ̀jẹ̀. Ọdún 1994 ni Jeffrey Friedman àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní New York ṣàwárí ẹ̀. Ṣé ọ̀rá yìí kan eyín? Ní 2017, àwọn onímọ̀ King's College London gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ọ̀dọ́ 55 tó fi wáyà sẹ́nu. Eyín àwọn tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ ń yára sún ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Ẹ má torí ìyẹn lọ bu ẹ̀bà kún ẹ̀bà o! Àkókò tí eyín tò tán ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Hòmóònù oyún náà lè mú kí ẹran ìdí eyín wú, kó máa ṣẹ̀jẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni èjí. Láàárín wa, ẹwà ni. Ẹni tí Ọlọ́run ò fún ń sanwó kí wọ́n bá a la eyín iwájú. Àlàfo kan náà ni wáyà máa ń pa dé! Ìyá tó bá fẹ́ràn èjí ọmọ ẹ̀, kó tètè sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn LUTH n'Ídí-Àràbà tàbí LASUTH n'Ìkẹjà: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi to tìsàlẹ̀ tó gun ara wọn, ẹ fi èjí sílẹ̀.” Bó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ fi wáyà sẹ́nu, ẹ sọ bẹ́ ẹ bá lóyún, ẹ sọ oògùn tẹ́ ẹ ń lò, kí wọ́n sì wọ̀n yín...

Wọ́n ti ń juwọ́ sí mi. Ìròyìn ló kàn.