Bíbá Ọmọdé Ṣe Búrẹ́dì Nínú Ilé

Nǹkan mẹ́rin péré ló di búrẹ́dì: ìyẹ̀fun àlìkámà tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí fúláwà, omi, iyọ̀ àti yíìsì. Ṣúgà, bọ́tà àti mílíìkì kàn ń mú un dùn, wọ́n sì ń mú un rọ̀ ni. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ bù. Àkàrà ní epo gbígbóná, ọbẹ̀ ní ata àti ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n nínú nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta tí búrẹ́dì ń gbà, ìgbẹ̀yìn ni iná ń wọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nínú gbogbo iṣẹ́ ìdáná, òun ló yẹ kí ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀.

Yíìsì ló yẹ kí àlàyé kọ́kọ́ dá lé. Ohun alààyè ni, ara ìdílé olú ló sì ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Gbígbẹ ni wọ́n gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó dì í sínú ọ̀rá. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń jí i, ṣúgà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bó bá ti ń jẹun ló ń tú afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde, pẹ̀lú ọtí díẹ̀ tí ooru iná yóò lé lọ. Irú ẹ̀dá yìí kan náà ló ń mú ẹmu hó nínú akèrègbè, àwọn kan sì wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jẹ́ pé ẹmu gan-an ni wọ́n fi ń mú búrẹ́dì wú. Láàárín ọdún 1857 sí 1860 ni Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, tẹ àwọn ìwé tó fi hàn pé iṣẹ́ ohun alààyè ni híhó yìí.

Ọmọdé kò nílò ìwé Pasteur kó tó gbà pé òótọ́ ni. Kí wọ́n fún un ní ife onígíláàsì, kó da yíìsì àti ṣíbí ṣúgà kan sí i, kí òbí wá bu omi lé e. Omi náà kò gbọ́dọ̀ gbóná ju èyí tí wọ́n lè fi wẹ ọmọ ọwọ́ lọ, ìyẹn nǹkan bíi 37 sí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá tó 60, yíìsì ti kú nìyẹn. Tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìfófò á ti bo ojú omi, á máa gòkè, á máa bẹ́ wẹ́wẹ́, á sì máa rùn bí ẹmu. Bí ìfófò kò bá jáde, yíìsì ti pẹ́ jù tàbí omi ti pa á, kí wọ́n sì tún òmíràn ṣe kí wọ́n tó fi fúláwà ṣòfò.

Fún búrẹ́dì kan tó tó ilé kékeré jẹ, ìdajì kílò fúláwà ni wọ́n nílò, bíi kọ́ọ̀pù mẹ́rin. Yíìsì gíráàmù 7, iyọ̀ ṣíbí kékeré kan àbọ̀, ṣúgà àti bọ́tà ṣíbí ìjẹun mẹ́ta mẹ́ta, àti omi tó tó mílílítà 280, pẹ̀lú èyí tó wà nínú ife. Ọmọ ni kó ka kọ́ọ̀pù náà sókè bó ṣe ń dà á. Inú fúláwà ni iyọ̀ ń lọ, kì í ṣe inú ife yíìsì, torí pé iyọ̀ púpọ̀ lójú kan kì í jẹ́ kí yíìsì ṣiṣẹ́.

Tí wọ́n bá ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀, pípò ni iṣẹ́ gan-an. Nínú àlìkámà, àwọn purotéènì kan wà tó jẹ́ pé bí omi bá kàn wọ́n, tí ọwọ́ sì ń tẹ̀ wọ́n, wọn á so kọ́ra, wọn á di ohun tó ń fà tí kì í tètè já. Glútẹ̀nì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sé afẹ́fẹ́ yíìsì mọ́ inú dóò, ìyẹn fúláwà tí wọ́n ti pò. Èlùbọ́ kò ní in, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kò ní in; bí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ bá pọ̀ jù nínú fúláwà, búrẹ́dì á wúwo.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, dóò á lẹ̀ mọ́ gbogbo ìka ọmọ, ọmọ á sì fẹ́ sá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kí wọ́n máa da fúláwà sí i ṣáá, èyí tó ń mú búrẹ́dì le. Sùúrù ló kù. Kí wọ́n gé ìwọ̀n ìkúùkù kan fún ọmọ láti máa pò ní tirẹ̀, kí àgbàlagbà máa pò èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: kó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, kó ká a padà, kó yí i, kó tún tì í. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á bọ́ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, á sì máa dán. Bí wọ́n bá fa díẹ̀ nínú rẹ̀ títí ó fi fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá láìya, ó ti tó. Ohun kan tí wọn kò gbọ́dọ̀ gbà láyè ni kí ọmọ máa tọ́ dóò tútù wò, torí pé kòkòrò àrùn lè wà nínú fúláwà tí iná kò tíì kàn.

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n fi aṣọ tútù bò ó. Ní ooru Èkó, wákàtí kan lè tó kó fi di ìlọ́po méjì; ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí wọ́n bá so rọ́bà mọ́ ara abọ́ tó ń hàn ketekete níbi tí dóò dé, ọmọ á máa lọ wò ó, á sì máa jábọ̀. Tó bá ti wú, ọmọ ni kó fi ìkúùkù lu afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Kò sí apá iṣẹ́ náà tó ń dùn mọ́ ọmọdé tó èyí. Wọ́n á wá gbé e sínú agolo tí wọ́n ti fi bọ́tà pa, á tún wú fún bíi ogójì ìṣẹ́jú. Dóò ti ọmọ lè di ìjàpá tàbí ejò, bó bá ṣe fẹ́.

Kò yẹ kí òbí ṣèlérí búrẹ́dì Agége fún ọmọ. Ẹ̀rọ tó ń tẹ dóò láàárín irin róbótó méjì ló ń mú búrẹ́dì Agége kì, tó sì ń mú un fà lẹ́nu. Ọwọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ti inú ilé máa ń fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní kẹ́míkà potassium bromate tí NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, kà léèwọ̀ fún àwọn oníbúrẹ́dì.

Nínú ófùn tó ti gbóná dé 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius, búrẹ́dì á jinná ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí márùndínlógójì. Ìjàpá ọmọ kò ní gbà ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹni tí kò ní ófùn lè da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin, kó gbé agolo lé orí irin nínú rẹ̀, kó dé e, kó sì kó ẹyin iná lé orí ọmọrí. Kí wọ́n fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí àkókò bá pé, wọ́n á dojú búrẹ́dì délẹ̀, wọ́n á fi ìka kan ìdí rẹ̀. Tó bá ń dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo, ó ti jinná.

Gígé e ní gbígbóná ń mú inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, nítorí náà kó tutù fún bí ìṣẹ́jú ogójì. Nínú ooru, kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bu. Fíríìjì ń mú un tètè le, fírísà ló dára jù. Èyí tó bá le ṣì dára láti rì sínú ẹyin kí wọ́n dín in, ṣùgbọ́n bí ibì kan bá ti bu lára rẹ̀, odindi rẹ̀ ni kí wọ́n dànù, nítorí ohun tó hàn lójú ti ta gbòǹgbò wọnú.