Ìgbéléwọ̀n Owó Ìbáṣepọ̀: Ẹ Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ Gbọ́ Ẹjọ́ Apá Kejì

Owó kan wà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Bìrìtéènì máa ń yà sọ́tọ̀ kí àwọn olùwádìí lè fi gbé iṣẹ́ wọn jáde lọ bá aráàlú: sí ilé ẹ̀kọ́, sí ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, sí ọ̀dọ̀ aláìsàn àti àwọn tó ń tọ́jú wọn. Owó ìbáṣepọ̀ ni n ó máa pè é. Kì í sábà pọ̀. Olùwádìí a kọ̀wé béèrè, ìgbìmọ̀ a yẹ̀ ẹ́ wò, wọn a fún un, òun náà a sì kọ ìròyìn nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Tó bá yá, yunifásítì a fẹ́ mọ̀ bóyá owó náà jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń gbé ìgbéléwọ̀n náà lé lọ́wọ́. Láti ọdún 2012 ni BBSRC, àjọ tó ń náwó sí ìwádìí lórí ohun abẹ̀mí ní Bìrìtéènì, ti ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé tó wà lábẹ́ ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi oṣù mẹ́ta kọ́ iṣẹ́ mìíràn tí kò jẹ mọ́ ìwádìí tiwọn. Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lè ti yàrá ìwádìí dé ọ́fíìsì ìbáṣepọ̀, kí wọ́n kó ìròyìn ọdún mélòó kan síwájú rẹ̀, kí wọ́n ní kó sọ ohun tó rí. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín lónìí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí gan-an ló yẹ iṣẹ́ náà, àmọ́ ìgbéléwọ̀n rẹ̀ kò ní níláárí bó bá jẹ́ ìròyìn olùwádìí nìkan ló kà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Apá kejì ẹjọ́ owó yìí wà lẹ́nu aráàlú, ibẹ̀ ló sì yẹ ká rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Ká tó mọ ohun tó yẹ ká wọ̀n, ó yẹ ká rántí ìdí tí owó náà fi wà. Lọ́dún 1985, Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, gbé ìròyìn kan jáde láti ọwọ́ ìgbìmọ̀ tí Walter Bodmer ṣe alága rẹ̀. Ìròyìn náà ní ojúṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni láti bá aráyé sọ̀rọ̀. Èrò tó gbilẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ nígbà náà ni pé àìmọ̀ ló ń jẹ́ kí aráàlú fura sí sáyẹ́ǹsì, pé bí a bá ti là wọ́n lóye, ìfura á tán. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, ìgbìmọ̀ kan ní House of Lords, ilé aṣòfin àgbà wọn, ti ń sọ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan kò tó, àfi kí tọ̀tún tòsì jọ fọ̀rọ̀ wérọ̀. Lọ́dún 2008, àwọn àjọ tó ń náwó sí yunifásítì àti ìwádìí, pẹ̀lú Wellcome Trust, fi mílíọ̀nù 9.2 pọ́n-ùn dá ibùdó mẹ́fà sílẹ̀ káàkiri Bìrìtéènì, àti ibùdó àpapọ̀ kan ní Bristol, kí ìbáṣepọ̀ yìí lè di ara iṣẹ́ òòjọ́ yunifásítì. Lẹ́yìn náà ni REF, ètò tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìwádìí yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ sí í fún ipa tí ìwádìí ń ní láwùjọ ní máàkì: 20% lọ́dún 2014, 25% lọ́dún 2021. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ká pe aráàlú wá gbọ́, ó ti di ká jọ sọ ọ́. Àmọ́ níbi púpọ̀, òṣùwọ̀n ò tíì kúrò níbi tó wà láyé àtijọ́.

Ẹ mú ìròyìn kan tí olùwádìí kọ lẹ́yìn tó ná owó ìbáṣepọ̀, kí ẹ ṣí i. Iye èèyàn tó wá ni fọ́ọ̀mù máa ń kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́yìn náà, ṣé wọ́n gbádùn rẹ̀? Tó bá jẹ́ ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n lè pín ìwé pélébé tí wọ́n ya ojú mẹ́ta sí: ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan dákẹ́, ọ̀kan fajú ro. Ọmọ á fàlà sí èyí tó bá wù ú bó ṣe ń jáde lọ. Àwòrán àwọn ọmọ tó ṣùrù bo maikirosíkóòpù á wà nísàlẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n má ka èèyàn o. Ṣùgbọ́n iye èèyàn kò lè sọ ju pé gbọ̀ngàn kún lọ, ojú tó ń rẹ́rìn-ín kò sì lè sọ ju pé ọjọ́ náà dùn. Ìbéèrè tí kì í sábà sí níbẹ̀ ni èyí: kí ni olùwádìí gbọ́ lẹ́nu wọn tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló sì fi ṣe? Bí kò bá sí ìdáhùn sí i, a jẹ́ pé iṣẹ́ ìpolówó ni owó náà ṣe.

Ìbéèrè yìí kọjá ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí. Ó lè di ọ̀rọ̀ bóyá ìmọ̀ fúnra rẹ̀ tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1986, ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì bú gbàmù ní Chernobyl. Òjò gbé caesium olóró bọ́ sórí àwọn òkè Cumbria, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgùntàn sì ń jẹ koríko ibẹ̀. Nínú oṣù kẹfà, ìjọba fòfin de àwọn àgbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó àgùntàn ibẹ̀ kúrò tàbí kó pa á. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. Ọdún 2012 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò tán. Orí ilẹ̀ amọ̀ ti pẹ̀tẹ́lẹ̀, tó máa ń di caesium mú, ni àwọn onímọ̀ gbé ìṣirò wọn lé. Ilẹ̀ òkè Cumbria kò rí bẹ́ẹ̀: ilẹ̀ dúdú rírọ̀ ni, tí ewéko jíjẹrà àti ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀, tí koríko sì ń bá a fa caesium mu lọ́dọọdún. Brian Wynne ti Yunifásítì Lancaster lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbẹ̀ náà lẹ́nu wò, ó sì tẹ ohun tó rí jáde lọ́dún 1992. Lára rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìdánwò kan. Àwọn onímọ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá bentonite, irú amọ̀ kan, tí wọ́n bá fọ́n sórí ilẹ̀ á dín oró náà kù lára àgùntàn, ni wọ́n bá ṣọgbà, wọ́n há àgùntàn mọ́ inú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ní àgùntàn tó ti mọ́ lára láti máa jẹ̀ káàkiri orí òkè á rù bí wọ́n bá há a mọ́. Àwọn onímọ̀ ò ka ọ̀rọ̀ wọn sí. Nígbà tó yá, wọ́n pa ìdánwò náà tì nítorí ohun kan náà tí àgbẹ̀ ti sọ. Ká ní fọ́ọ̀mù wà fún ìpàdé onímọ̀ àti àgbẹ̀ nígbà náà, iye àgbẹ̀ tó jókòó la máa rí níbẹ̀. Pé àgbẹ̀ ló mọ àléébù ìdánwò náà kò ní rí àyè kankan wọlé.

Àwa náà ní Nàìjíríà ní àpẹẹrẹ tiwa, tó sì tún dára ju ìyẹn lọ. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà, nílẹ̀ Ìbàràpá, kí wọ́n lè kọ́ ìtọ́jú ìlera láàárín àwọn tí wọ́n ń tọ́jú. Ní Ìdèrè, tí kò jìnnà síbẹ̀, sobìyà ń dá àgbẹ̀ dúró lóko, ó ń dá ọmọ dúró nílé ẹ̀kọ́. William Brieger àti àwọn olùwádìí mìíràn láti Ìbàdàn fetí sí ohun tí ará Ìdèrè mọ̀ nípa onírúurú ọ̀nà tí sobìyà ń gbà yọjú lára, wọ́n sì lo ìmọ̀ náà láti túbọ̀ mọ àwọn tí àìsàn náà ń ṣe. Nàìjíríà rí aláìsàn sobìyà tó kẹ́yìn lọ́dún 2008. Lọ́dún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Omi mímọ́, asẹ́ omi, ìjọba àti àwọn àjọ ilẹ̀ òkèèrè ló jọ ṣe é, mi ò fi gbogbo rẹ̀ fún ìwádìí kan ṣoṣo. Ohun tí mò ń sọ ni pé etí tí olùwádìí dẹ sí aráàlú wà lára iṣẹ́ náà, òṣùwọ̀n tí kò bá lè rí i kò pé.

Ẹnì kan lè ní ọmọdé ni akẹ́kọ̀ọ́, pé báwo ló ṣe máa dá ẹjọ́ iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ èdè yàrá ìwádìí, síbẹ̀ kò sí nínú ìgbìmọ̀ tó pín owó, kò sì sí lára àwọn tó gbà á. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ tàbí aláìsàn tí ọ̀rọ̀ kàn lè sọ fún un pé èèyàn yín ò padà wá mọ́ lẹ́yìn tó ya fọ́tò tán, ọ̀rọ̀ tó lè wúwo láti sọ lójú ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀. Àtakò tó le jù ú lọ ni pé ọ́fíìsì tó ń yẹ̀ wò náà ló ń darí rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ti máa gba lẹ́tà ẹ̀rí. Òótọ́ ni, ewu gidi sì ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí alábòójútó rẹ̀ wá láti ẹ̀ka mìíràn, kí wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé ìròyìn rẹ̀ á jáde, ì báà dùn, ì báà korò. Àwọn kan á ní oṣù mẹ́ta kéré, pé èso irú iṣẹ́ yìí máa ń pẹ́ kó tó so. Nítorí náà, kó má yẹ owó ọdún yìí wò. Iṣẹ́ tó ti parí láti ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni kó tọ̀ lọ, kó mú ìwé tí olùwádìí fi béèrè owó àti ìwé tó tẹ̀ jáde lẹ́yìn rẹ̀, kó wò ó bóyá ìbéèrè ìwádìí yí padà, kó sì lọ bi aráàlú tó wà níbẹ̀. Èyí náà ló dá àwọn tó ní owó orí kò ṣeé fi ìtàn jíhìn lóhùn. Ẹ jẹ́ kí iye dúró níbi tó wà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí a lè tọpa rẹ̀ láti ẹnu ẹni tó sọ ọ́ dé inú ìwé tó yí padà kì í ṣe ìtàn lásán mọ́, ẹ̀rí ni. Mo sì gbà pé ìwádìí kan wà, bíi ti ìràwọ̀, tí aráàlú lè má fi nǹkan kan kún. Ẹ pe ìyẹn ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ fi òṣùwọ̀n ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọ̀n ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti ọdún 1973 ni ètò SIWES ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ kọ́ṣẹ́ níta ilé ẹ̀kọ́. Àjọ TETFund náà, tí òfin ọdún 2011 gbé dúró, ń fi owó orí àwọn ilé iṣẹ́ ràn wá lọ́wọ́ láti ṣe ìwádìí. Akẹ́kọ̀ọ́ wà, owó wà, aráàlú tí a ń ṣe ìwádìí lórí wọn náà wà. Mo bẹ ẹ̀yin aláṣẹ yunifásítì wa pé kí ẹ so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan lára àwọn tó ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọọdún padà sí abúlé àti ọjà tí ìwádìí wa ti kọjá, kí ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀ àti ti àwọn tó bá jókòó tì í, kí ẹ sì tẹ ohun tó bá gbọ́ jáde ní èdè tí àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ lè kà. Ẹni tó fún wa ní àkókò àti ìmọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ bóyá a ná owó náà dáadáa.