Orí Tó Ń Gbóná

Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà. Orí òun ń gbóná ni yóò wí, nǹkan ń rìn lára òun bíi kòkòrò, òun kò róorun sùn. Wọ́n á fún un lóògùn ibà, yóò tún padà wá. Ìdí rèé tí mo fi gbà pé ọ̀dọ̀ dókítà àdúgbò ló yẹ kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀: ibẹ̀ ni aláìsàn kọ́kọ́ ń lọ, kì í ṣe ilé ìwòsàn ọpọlọ bí Aro. Àwọn kan á ní irú dókítà bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ nípa ọpọlọ. Ìwádìí kan láti Ìbàdàn, tó jáde ní 2019, fèsì: òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe ìtọ́jú; lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí wọ́n tún yẹ̀ wò ló ti bọ́ lọ́wọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì náà.

Lóòótọ́, èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà dókítà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ: láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé inú yín máa ń bà jẹ́? Ṣé ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ yín mọ́? Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni ló nílò oògùn. Ẹlòmíràn, kí wọ́n bá a tú ìṣòro gbèsè tàbí tilé palẹ̀ ti tó. Ẹni tí wọ́n bá sì fún lóògùn, kí wọ́n sọ fún un pé ó ń tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, kó má baà tètè pa á tì. Ẹni tó bá ń ronú àtipa ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró: ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ ọpọlọ.