Ìgò Ìtọ̀ Màlúù Tó Wà Lábẹ́ Ìsọ̀ Wa
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé àwa obìnrin ọjà, Ìkògòsì-Èkìtì)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera lónìí. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè dáadáa kí n tó dìde. Ìtọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìtọ̀ màlúù tí à ń rọ ọmọ tí gìrì bá mú ni mò ń bọ̀ wá kàn.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ìtọ̀ ènìyàn, nítorí àwọn kan ń sọ ọ́ káàkiri pé ẹni tó bá ń mu ìtọ̀ ara rẹ̀ láràárọ̀ kò ní ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ John Armstrong ti kọ ìwé lé e lórí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1944. Ní Íńdíà, Morarji Desai tó jẹ́ olórí ìjọba wọn láti 1977 sí 1979 kò fi í pamọ́ pé òun ń mu tòun, ọdún 99 ló sì lò láyé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di èèyàn mú: ṣé ẹ ò rí i pé baba náà pẹ́? Ó pẹ́ lóòótọ́. Mélòó ló mu ún tí kò pẹ́, tí kò sẹ́ni tó ka tiwọn? Bí ìyá kan bá ń kó owó ọjà sábẹ́ ẹní, tí olè ò sì jà á títí ó fi kú, ṣé a ó tìtorí ẹ̀ kó owó àjọ wa sábẹ́ ẹní ni?

Kíndìnrín ni asẹ́ inú ara. Ohun tí ara ò fẹ́ ló ń sẹ́ jáde, òun là ń tọ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín, àwọn dókítà náà ti yọ oògùn láti inú ìtọ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń ran obìnrin tó ń wá ọmọ lọ́wọ́, inú ìtọ̀ àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ni wọ́n ti yọ ọ́ ní Ítálì, àwọn ìyá ìjọ Àgùdà tí kò lọ́kọ sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n tún un sẹ́, wọ́n mú ohun bíńtín tí wọ́n fẹ́, wọ́n da ìyókù nù. Kò sẹ́ni tó bu ìtọ̀ sínú ife fún obìnrin pé kó mu.

Àgbàlagbà tó bá wá ní dandan òun á mu tòun, ẹnu rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún kan kò ní ẹnu tí yóò fi ní òun ò mu. Ìdí nìyẹn tí ti màlúù fi ká mi lára.

Ẹ̀yin lékulẹ́ja àti ẹ̀yin alágbo, ẹ má bínú sí mi, ẹ mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn jù mí lọ: ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, aáyù, àlùbọ́sà, efinrin, ẹlòmíràn á tún fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. A ó rẹ ẹ́, a ó dé e, a ó gbé e sábẹ́ ìsọ̀. Kò sí òṣùwọ̀n, oníkálukú ló ń fojú bù ú. Wọ́n á ní bó bá ṣe pẹ́ tó ló ṣe ń múná tó. Òótọ́ ni, torí bí ewé tábà bá ṣe pẹ́ nínú omi tó ni oró rẹ̀ ń jáde tó.

Láàrin ọdún 1970 sí 1979, àwọn olùkọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn gbé àgbo yìí yẹ̀ wò nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n ti rọ wọ́n. Dókítà Oyebola wà lára wọn. Wọ́n dán an wò lára eku. Wọ́n rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń sọ èémí di aláìlágbára. Ewé tábà ló burú jù nínú ẹ̀, oró rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní nikotíìnì. Omi tábà yẹn kan náà ni àwọn àgbẹ̀ fi ń pa kòkòrò lára ewé. Ẹ wá gbọ́ èyí tó bà mí lẹ́rù jù: oró tábà fúnra rẹ̀ máa ń fa gìrì. Bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn náà ń fa gìrì. Nítorí náà a rọ ọmọ ní oògùn gìrì, gìrì mìíràn dé, a ní àìsàn náà le, a tún bu kún un. Ọmọ tó bá yè é, ọpọlọ rẹ̀ lè má pé mọ́.

Kí ló wá dé tí àwọn ìyá wa fi gbà á gbọ́? Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Gìrì tó ń ti ara gbígbóná wá, tó ń mú ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọmọ ọdún márùn-ún, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tó fi ń dá dúró fúnra rẹ̀. Kí a tó wá ìgò, kí a tó ṣí i, ó ti fẹ́ máa lọ. Mo rí i nínú ọjà yìí, nítòsí àwọn aláta. Gìrì mú ọmọ obìnrin kan, ariwo ta, ẹnìkan mú ṣíbí pé òun á fi ya eyín ọmọ, ẹnìkan ń wá iná tí wọ́n á fi ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ẹnìkẹta sáré gbé ìgò. Kí ó tó rí ìdérí rẹ̀ ṣí, ọmọ ti rọlẹ̀, ó ti ń sunkún. Ẹ mọ ohun tí onígò sọ? Ó ní òórùn ìgò òun ni gìrì gbọ́ tó fi sá. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ pé ó ti ṣí i tó sì ti rọ ọ́ ńkọ́? Ọmọ tí kò tíì mọ ara rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ohun tí a bá rọ ọ́ ń lọ.

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ibà ló sábà máa ń gbóná sára ọmọ tí gìrì fi ń mú un níbí, ẹ̀fọn ló sì gbé e wá, kì í ṣe ayé.

Mo mọ ohun tí ẹnìkan á sọ, pé oògùn òyìnbó náà ń pa ọmọ. Ó ti pa ọmọ rí. Lọ́dún 2008, oògùn eyín ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí oró ti dà mọ́, pa àwọn ọmọ 84 kí ọ̀ràn náà tó rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n NAFDAC ní kí wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ, wọ́n ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é pa. Ta ló ń kó ìgò ti wa kúrò lábẹ́ ìsọ̀?

Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ gbé e jìnnà sí iná àti ohun tó lè ṣe é léṣe. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí itọ́ ẹnu rẹ̀ lè ṣàn jáde. Ẹ tú aṣọ tó fún un lọ́rùn. Ẹ má ki ṣíbí, ìka, àgbo tàbí omi bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí ẹnìkan wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ máa gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bó bá sì dá dúró, ẹ ṣì gbé e lọ lọ́jọ́ náà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ibà ni. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Aramọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, ilé ìwòsàn ńlá wà ní Adó àti Ìdó.

Bí ẹ bá ti rọ ọmọ ní ìtọ̀ màlúù kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ dákun, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ má torí ìtìjú tàbí èébú sọ pé ẹ ò fún un ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá mọ̀, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọ́n á sì máa ṣọ́ èémí rẹ̀. Bí wọn ò bá mọ̀, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n á máa wá àìsàn lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹ́wé, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ta efinrin, aáyù kò sì ṣẹ̀ wá. Ìgò tí a ti po ni ẹgbẹ́ ń wí, kó má sí lábẹ́ ìsọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Àwọn olóyè sì ti fẹnu kò pé owó mọ́tò fún ọmọ tí gìrì bá mú yóò máa wà lọ́wọ́ olùtọ́jú owó, lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ ó máa dá a padà díẹ̀díẹ̀, kò ní èlé. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Tí kò bá sí nílé, ẹ wá kan tèmi.