Ọ̀kẹ́ Kan Kò Ṣeé Pín sí Mẹ́ta

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni a ó wò lónìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: 20,000.

Nọ́ńbà yìí kì í ṣe àlejò. Ọ̀kẹ́ kan ni àwọn baba wa ń pè é. Láyé owó ẹyọ, wọ́n ń sín ẹyọ 40 sórí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ 2,000, òun ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ló ń kún àpò kan, àpò náà sì ni ọ̀kẹ́.

Ọ̀kẹ́ rọrùn láti pín. Ènìyàn méjì, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lè pín in, kò ní ṣẹ́kù. Àní ènìyàn 16: kálukú á mú 1,250.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé ìyá mẹ́ta ta kajú wọn pọ̀, wọ́n gba 20,000 fáráǹkì. Kálukú mú 6,666. Fáráǹkì méjì ṣẹ́kù. Ta ló tilẹ̀ ń rí fáráǹkì kan ná ní ọjà mọ́? Àmọ́ ìfura lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ní ẹni tó mọ ìwé ló jẹ owó. Kò jẹ ẹ́ o. Nọ́ńbà náà ló rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó: 10,000 jẹ́ 9,999 àti 1. Ènìyàn mẹ́ta lè pín 9,999, ènìyàn mẹ́sàn-án náà lè pín in. 1 yẹn ló ń ṣẹ́kù. Nínú 10,000 méjì, 2 á ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni 1,000 jẹ́ 999 àti 1, 100 jẹ́ 99 àti 1, 10 jẹ́ 9 àti 1. Nítorí náà, ẹ kàn ro àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí a fi kọ owó náà pọ̀. Bí àpapọ̀ wọn bá ṣeé pín sí mẹ́sàn-án, gbogbo owó náà ṣeé pín sí mẹ́sàn-án. Bí kò bá ṣeé pín, owó náà kò ṣeé pín.

Èyí wúlò nínú ẹgbẹ́. Ènìyàn mẹ́sàn-án dá 2,250 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé kọ 20,150 sínú ìwé. Ẹ ro ó: 2, 0, 1, 5, 0 jẹ́ 8. Ìwé yẹn kò tọ́! 20,250 ló yẹ kó wà níbẹ̀: 2, 0, 2, 5, 0 jẹ́ 9.

Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá ṣi ọwọ́ kọ, tó kọ 22,050, yóò ṣì jẹ́ 9, ẹ kò sì ní mọ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ tú owó sílẹ̀ lórí ẹní, kí ẹ kà á.