Nígbà tí Ìjọba bá Gba Àga Ẹgbẹ́
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú nígbà tí ìjọba bá ń fi agbára jẹ gàba. Bí a bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀wọ̀n ni ọkàn wa ń lọ sí. Ẹ̀wọ̀n burú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń pa ẹgbẹ́ jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 1994. Ìjọba ológun ti fagi lé ìdìbò June 12, 1993, èyí tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ń borí nínú rẹ̀. Nígbà tí ó di June 1994, Ọ̀gágun Sani Abacha ti Abíọ́lá mọ́lé. Ní ọjọ́ 4 oṣù July, NUPENG, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì, da iṣẹ́ sílẹ̀. PENGASSAN, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ epo, tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní kí a bọ̀wọ̀ fún ìbò àwọn ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà kò lè gbàgbé bí epo ti wọ́n tó.

Ní August, ìjọba gbẹ̀san. Kò pa orúkọ àwọn ẹgbẹ́ náà rẹ́. Àwọn aṣíwájú tí òṣìṣẹ́ yàn ni ó tú ká, ó sì fi alákòóso kan ṣoṣo jókòó sórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀! Láti ara owó oṣù ni owó ẹgbẹ́ ti ń wá. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń yọ ọ́ kí owó tó dé ọwọ́ ẹni tí ó ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tí òṣìṣẹ́ kò yàn ni ó wá di kọ́kọ́rọ́ àpótí mú. Ẹni tí olè jà yóò ké. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá àlejò nínú yàrá bàbá rẹ̀, tí àlejò náà wọ aṣọ bàbá rẹ̀, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, kí ni yóò sọ fún ará òde?

NLC, tí í ṣe ìyá ẹgbẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́, ti pe ìdáṣẹ́sílẹ̀ tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ August yẹn, ó sì dá a dúró kíákíá. Ìbẹ̀rù náà kò gbà á. Wọ́n tú àwọn aṣíwájú tirẹ̀ náà ká nínú oṣù kan náà, January 1999 ni ó sì tó tún fi ìbò yan tirẹ̀.

Olóyè Frank Kokori, akọ̀wé àgbà NUPENG, fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún mẹ́rin ní àtìmọ́lé láìjẹ́jọ́. June 1998, lẹ́yìn ikú Abacha, ni ó jáde. Láti 1984 ni Decree No. 2 ti fún ìjọba láyè láti ti ènìyàn mọ́lé láìpè é lẹ́jọ́.

Ti CDHR yàtọ̀. Dókítà Bẹ́kọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní 1989 láti jà fún àwọn tí a tì mọ́lé. Ní 1995, ìgbìmọ̀ ológun gbọ́ ẹjọ́ Dókítà ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà kò kú. Ní tèmi, ìdí rẹ̀ ni pé kò ní àpótí ńlá tí ìjọba lè fi ènìyàn jókòó tì.

Ẹ má ṣe wí pé ológun ti lọ. Òfin àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìjọba alágbádá fọwọ́ sí ní August 2020 fi àṣẹ lé àjọ tí ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ láti dá àwọn alámòójútó ẹgbẹ́ dúró, bí ó bá rò pé wọ́n ń ṣe é báṣubàṣu, kí a sì fi ẹlòmíràn dípò wọn. Ìjọ àti ẹgbẹ́ púpọ̀ ni ó pariwo. Mo mọ̀ pé olè wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn, tí ń jẹ owó aláìní. Ilé-ẹjọ́ wà fún irú wọn.

Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò ní í ráyè wọ ibẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó mọ iye tí ó wà nínú àpótí ẹ̀ka rẹ̀? Mo bẹ akọ̀wé kọ̀ọ̀kan, kí ó ka owó àti orúkọ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn lóṣooṣù, kí ẹ̀dà ìwé náà sì wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Ìwé ẹ̀ka tèmi ni ó wà lọ́wọ́ mi yìí. Bí alága bá gbà mí láyè, n ó kà á nísinsìnyí.