Kí ni ọmọ ìsọ̀ rẹ rò pé o rò nípa òun?

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí àwọn ọmọ tó ń bá wa tajà.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi nígbà kan. Lọ́jọ́ kan owó dín, mo pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn pé òun ló mú un. Nígbà tó yá, mo rí owó náà lábẹ́ páálí. Mi ò sọ fún un. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti tán.

Kò tán lọ́kàn tiẹ̀. Ọmọ tó máa ń fi ẹ̀rín pe oníbàárà wá ń dákẹ́. Lọ́jọ́ tó ṣèèṣì fún oníbàárà ní ṣéńjì tó fi náírà 200 lé, ẹ̀rù ò jẹ́ kó sọ, ó fi pa mọ́. Kò pẹ́ tó fi lọ. Èmi ni mo pàdánù.

Àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Kleck àti Strenta, tẹ ìwádìí kan jáde ní 1980. Wọ́n kun àpá sí àwọn kan lójú, wọ́n fi dígí hàn wọ́n. Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ fi ìpara kún un kó má baà sán, wọ́n sì fi ọgbọ́n nù ún kúrò. Àwọn yẹn ò mọ̀. Wọ́n lọ bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀, wọ́n padà wá ní àpá náà ló jẹ́ kó ṣe sí àwọn bó ṣe ṣe. Àpá wo? Kò sí àpá lójú wọn mọ́!

Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Mo kun àpá olè sí ọmọ ọlọ́mọ lójú. Nígbà tí àpá kúrò lọ́kàn mi, mi ò jẹ́ kó mọ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ bá rò pé ọ̀gá ń rò nípa òun, òun ló máa ń bá rìn, ì báà ṣe irọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká jọ máa ka owó pẹ̀lú wọn lálaalẹ́. Bí owó tó sọnù bá jáde, ká sọ ọ́ lójú àwọn tó gbọ́ ariwo wa, ká sì bẹ ọmọ náà. Bó bá ṣe dáadáa, ká yìn ín sétí ara rẹ̀, kì í ṣe sétí aládùúgbò nìkan.

Ọwọ́ òsì tí a bá fi na ọmọ, ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọjà á tà o.